Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ ní Àwọn Erékùṣù Ilẹ̀ Gíríìsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ìsinmi ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó bá kúrò nílé láìṣe ètò, tí ó ní òun yóò mọ bí òun yóò ti ṣe é nígbà tí òun bá débẹ̀, lè rí i pé owó ti lọ, ọjọ́ ti lọ, ara kò sì sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere púpọ̀ ní àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ń lọ lọ́dọọdún láti wá ìdẹ̀ra lẹ́bàá òkun.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúwarẹ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan: ṣé ìsinmi ni òun ń wá ni, tàbí ìwòran? Àwọn méjèèjì ni ó dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó wá wòran a máa fẹ́ rí ohun púpọ̀, kí ó lè ròyìn bí ó bá padà délé. Ẹni tí ó wá sinmi a máa fẹ́ jí nígbà tí oorun bá dá lójú rẹ̀, kí ó jẹun láìkánjú, kí ó sì gbàgbé aago. Ẹni tí ó ní oṣù kan gbáko lè fi ọ̀kan kún èkejì. Ẹni tí ó ní ọjọ́ méje péré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, yálà nọ́ọ̀sì tí ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni, tàbí olùkọ́ tí ó ti ń tọ́jú owó láti ọjọ́ pípẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, erékùṣù kan tó, tàbí méjì tí ó súnmọ́ ara wọn. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òkun àti afẹ́fẹ́ ni ó ni àṣẹ lórí ètò náà, kì í ṣe òun.

Bí a bá ka gbogbo erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì, ńlá àti kékeré, títí kan àwọn tí kò ju àpáta lásán lọ, wọ́n tó nǹkan bí 6,000. Ṣùgbọ́n 227 péré ni àwọn ènìyàn ń gbé. Agboagbo ni wọ́n wà. Àwọn Saronic wà ní tòsí Átẹ́nì tí í ṣe olú-ìlú. Àwọn Cyclades, tí Santorini, Mykonos, Paros àti Naxos wà nínú wọn, wà láàárín òkun Aegean. Àwọn Dodecanese, tí Rhodes tóbi jù nínú wọn, wà ní ìhà ìlà-oòrùn, lẹ́bàá ilẹ̀ Tọ́kì. Àwọn Ionian, bí Corfu, wà ní ìwọ̀-oòrùn, ní apá ibi tí Ítálì wà. Kírétè, tí ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, dá wà ní gúúsù. Ohun tí àwòrán ilẹ̀ kì í sọ fún ènìyàn ni pé ọkọ̀ ojú omi kì í sábà ti inú agbo kan bọ́ sí òmíràn tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò ní Corfu lọ sí Santorini sábà máa ń ní láti kọ́kọ́ padà sí orí ilẹ̀ ńlá, kí ó gba Átẹ́nì kọjá, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò mìíràn. Nítorí náà, agbo kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a mú fún ìsinmi kúkúrú.

Kí a wo ìṣirò ọjọ́. Tọkọtaya kan ní ọjọ́ méje, wọ́n sì fẹ́ dé erékùṣù mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ keje jẹ́ ti ọkọ̀ òfuurufú. Ó ku márùn-ún. Láti Átẹ́nì dé erékùṣù kìíní, láti ìkìíní dé ìkejì, láti ìkejì dé ìkẹta, àti láti ìkẹta padà sí Átẹ́nì, ìrìn mẹ́rin ni. Ìrìn kọ̀ọ̀kan a máa gba ìdajì ọjọ́, ó kéré tán: a ó di ẹrù, a ó fi yàrá sílẹ̀ láàárọ̀, a ó dúró ní èbúté, a ó wà lórí omi, a ó sì tún máa retí kí yàrá tuntun ṣófo lọ́sàn-án. Ọjọ́ méjì ti lọ sí èyí. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ọjọ́ mẹ́ta, ẹyọ kan fún erékùṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé erékùṣù kan ṣoṣo ni wọ́n mú, ìrìn méjì péré ni wọn ìbá rìn, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìbá sì jẹ́ tiwọn. Owó bàálù kan náà ni, ọjọ́ méje kan náà sì ni. Ọ̀nà tí a gbà pín wọn ni ó yàtọ̀.

Èwo wá ni kí ènìyàn mú? Fún ẹni tí ó ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, àwọn Saronic ni ó rọrùn jù. Èbúté Piraeus tí ó wà lẹ́bàá Átẹ́nì ni a ti ń lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá a máa dé Aegina láàárín nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Erékùṣù náà lókìkí fún èso oníhóró tí wọ́n ń pè ní pistachio, àti fún tẹ́ńpìlì Aphaia tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Kírísítì. Hydra jìnnà díẹ̀ sí i, ọkọ̀ tí ń sáré sì lè gbé ènìyàn débẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Wọn kò gba mọ́tò àti alùpùpù láyè níbẹ̀, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí í ṣe ti iṣẹ́ ìlú bíi kíkó ilẹ̀. Ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń ru ẹrù. Ẹni tí ariwo mọ́tò ìlú ńlá ti sú yóò mọyì irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ kan, Paros àti Naxos yẹ ní yíyàn. Ọkọ̀ ńlá láti Piraeus a máa dé Paros láàárín wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, ìrìn láti Paros sí Naxos kò sì tó wákàtí kan. Naxos ni ó tóbi jù nínú àwọn Cyclades. Bí ọkọ̀ bá ti ń wọ èbúté rẹ̀ ni a ó ti rí ẹnu-ọ̀nà òkúta mábù ńlá kan tí ó dá dúró: ohun tí ó kù nìyẹn nínú tẹ́ńpìlì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ṣáájú ìbí Kírísítì tí wọn kò sì parí títí di òní. Etíkun oníyanrìn rẹ̀ gùn, oúnjẹ pọ̀ nítorí pé àgbẹ̀ àti darandaran wà níbẹ̀, ànàmọ́ òyìnbó àti wàràkàṣì rẹ̀ sì gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ omi rárá lè lọ sí Kírétè, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú wà ní Heraklion àti Chania. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé Kírétè gùn tó nǹkan bí 260 kìlómítà. Apá kan ṣoṣo ni kí ó mú, kí ó má ṣe sọ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ di ti awakọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, Santorini tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò ńkọ́? Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́. Òkè oníná kan ni ó bú gbàmù ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, tí àárín erékùṣù náà fi rì, tí òkun sì rọ́ wọlé; orí bèbè rẹ̀ tí ó dà bí ògiri ni wọ́n kọ́ àwọn ilé funfun náà sí. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì sùn pátápátá: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ilẹ̀ mì léraléra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ènìyàn tí ó lé ní 10,000 sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dí ìsinmi lọ́wọ́ níbẹ̀ jù ni èrò. Àwọn ọkọ̀ adúláyà ńláńlá a máa já ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sílẹ̀ lójúmọ́ ní àwọn ọ̀nà tóóró. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà síbẹ̀ púpọ̀, kí ó sùn níbẹ̀ ní òru méjì, kí ó máa rìn láàárọ̀ kùtù àti lálẹ́ nígbà tí àwọn èrò ọkọ̀ bá ti lọ, kí ó sì lọ lo èyí tí ó kù nínú ọjọ́ rẹ̀ ní ibi tí ó parọ́rọ́.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni àkókò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, afẹ́fẹ́ kan a máa fẹ́ láti àríwá lórí òkun Aegean; meltemi ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó ń fà á ni pé afẹ́fẹ́ a máa wúwo lórí ilẹ̀ àwọn Balkan, a sì máa fúyẹ́ lórí ilẹ̀ Tọ́kì tí oòrùn ti mú gbóná. Láti ibi tí ó wúwo ni ó sì ń rọ́ lọ sí ibi tí ó fúyẹ́. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú ọ̀run lè mọ́ rekete kí oòrùn sì máa ràn, síbẹ̀ kí òkun máa ru gùdù fún ọjọ́ mélòó kan. Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀tá pátápátá, nítorí òun ni ó ń tu ara nígbà tí ooru bá mú; ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ tí ìsinmi ẹnikẹ́ni yóò parí. Lẹ́yìn èyí, oṣù Kẹjọ ni àwọn Gíríìkì fúnra wọn ń gba ìsinmi. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Màríà Wúńdíá, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń wọ́ lọ sí erékùṣù Tinos, níbi tí àwòrán mímọ́ kan tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ní 1823 wà. Ní ọ̀sẹ̀ náà, àyè nínú ọkọ̀ a máa wọ́n bí ojú. Nítorí ìdí wọ̀nyí, ìparí oṣù Karùn-ún títí dé àárín oṣù Kẹfà, tàbí oṣù Kẹsàn-án, ni ó dára jù. Ní oṣù Kẹsàn-án, èrò a ti dín kù, omi òkun a sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn erékùṣù kéékèèké a máa tì, ọkọ̀ a sì dín kù.

Yorùbá ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn Gíríìkì sọ irú ọgbọ́n yìí di òfin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti le dé ìwọ̀n kan, àwọn aláṣẹ èbúté a pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe ṣí. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń sáré ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ dá dúró. Àṣẹ náà kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú ti rí. Ẹni tí ó bá ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27 yóò rántí pé Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ ní Kírétè pé ewu ń bẹ nínú ìrìn náà. Wọn kò gbọ́, ẹ̀fúùfù sì gbá ọkọ̀ wọn lọ títí ó fi fọ́ ní Málítà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn 276 tí ó wà nínú rẹ̀ yè bọ́. Ní ayé òde òní, ó lé ní 200 ènìyàn tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, nígbà tí ọkọ̀ Heraklion rì láàárín Kírétè àti Piraeus nínú ìjì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ọkọ̀ Express Samina kọlu àpáta nítòsí Paros lóru ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ le. Nǹkan bí 80 ènìyàn ni ó bá a lọ. Arìnrìn-àjò tí wọ́n bá sọ fún pé ọkọ̀ kò ní lọ, kí ó má ṣe bá akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì jà. Ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ṣùgbọ́n kí ó ti pèsè sílẹ̀ dè é. Bí ọkọ̀ ojú omi kò bá ṣí, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún èrò ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé e lọ ní kété tí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú ọjọ́ ni ó fà á, kò di dandan fún ọlọ́kọ̀ láti san owó ibi tí èrò yóò sùn. Bàálù tí ó fẹ́ wọ̀ ní Átẹ́nì kò ní dúró dè é, ẹni tí ó pẹ́ sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ní iye tí yóò gba gbogbo adùn ìsinmi náà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a fi òru tí ó ṣáájú ọjọ́ bàálù sùn ní Átẹ́nì, kí a má ṣe sùn ní erékùṣù. Ọjọ́ yìí kò ṣòfò: bí ọkọ̀ bá lọ déédéé, a ó fi wo ìlú Átẹ́nì, bí kò bá lọ, òun ni yóò gbà wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá ń lo pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Kódà bí ó bá ní ìwé ìgbélùú ní Bìrìtìkó, ọ̀rọ̀ kò yí padà, nítorí pé Bìrìtìkó kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo físà náà. Ẹni tí ó ní pásípọ́ọ̀tì Bìrìtìkó, Amẹ́ríkà tàbí Bràsíìlì kò nílò físà bí kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni àgbàlagbà ń san fún físà náà, yàtọ̀ sí owó ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba ìwé wọlé. Ìwé adójútòfò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn. Òfin gbà kí a kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìrìn-àjò; ẹni tí ó gbọ́n kò ní dúró di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Kò sì yẹ kí ó san owó tí wọn kò ní dá padà fún òtẹ́ẹ̀lì kí físà tó jáde. Bí ó bá ń kọ ọjọ́ sínú ìwé náà, kí ó ka àwọn òru Átẹ́nì mọ́ ọn.

Ohun mìíràn tí ó máa ń ṣi àlejò lọ́nà ni orúkọ àti lẹ́tà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ń lọ tààrà láti pápákọ̀ òfuurufú Átẹ́nì dé Piraeus, ní nǹkan bí wákàtí kan. Ṣùgbọ́n èbúté náà tóbi, àwọn ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà E àti nọ́ńbà sàmì sí jìnnà sí ara wọn. Kí a wo èyí tí ó wà fún ọkọ̀ wa kí ọjọ́ ìrìn tó pé. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí kì í ti Piraeus ṣí, Rafina ni wọ́n ti ń ṣí. Santorini ní orúkọ mìíràn, Thira, òun ni wọ́n sì sábà ń kọ sára pátákó: ΘΗΡΑ. Lẹ́tà tí ó dà bí P lójú wa, R ni lọ́dọ̀ wọn. Π ni P tiwọn. Nítorí náà ni ΠΑΡΟΣ fi jẹ́ Paros. Wọn kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó dúró fún ìró B tàbí D bíi tiwa, lẹ́tà méjì ni wọ́n ń pa pọ̀ fún un: M àti P fún B, N àti T fún D. Ibẹ̀ ni orúkọ Giannis Antetokounmpo ti wá, gbajúmọ̀ nínú eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n, tí wọ́n bí sí Átẹ́nì ní 1994. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Adétòkunbọ̀ sì ni orúkọ ìdílé náà kí àwọn Gíríìkì tó fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́.

Bí a bá ti gúnlẹ̀, kí a fi ara mọ́ ìṣe ìlú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti aago mẹ́ta sí aago márùn-ún àbọ̀ ọ̀sán ni òfin kà sí àkókò ìdákẹ́jẹ́. Oorun ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Ẹni tí ó wá sinmi kò ní ohun tí ó tún dára ju kí ó sùn pẹ̀lú wọn. Oúnjẹ alẹ́ wọn a máa pẹ́. Ní ilé oúnjẹ, ìwọ̀n kìlógíráàmù ni wọ́n sábà fi ń ta ẹja tútù, nítorí náà kí a ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú wa, kí a sì béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná. Owó ìjọba kan wà tí a ń san lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì lóròòru, ó sì ń ga bí òtẹ́ẹ̀lì bá ti níyì tó. Kí a béèrè bóyá ó ti wà nínú iye tí a san. Kí a mú akẹtẹ̀ dání nítorí oòrùn, kí a sì béèrè bóyá omi ẹ̀rọ ṣeé mu, nítorí ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn Cyclades, omi inú ìgò ni àwọn ènìyàn ń mu. Ẹni tí kò mọ omi í wẹ̀ dáadáa, kí ó má ṣe kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tólẹ̀, pàápàá ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ètò ọjọ́ méje náà kò le. Ọjọ́ kìíní, kí a dé Átẹ́nì, kí a sùn. Ọjọ́ kejì, kí a wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Naxos tàbí Paros. Ọjọ́ kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, kí a má ṣe kọ ohunkóhun síwájú wọn. Bí ó bá wù wá, kí a fi ọ̀kan nínú wọn lọ wo erékùṣù kejì, kí a sì padà lálẹ́. Ọjọ́ kẹfà, kí a padà sí Átẹ́nì. Ọjọ́ keje, kí a wọ bàálù. Ẹni tí ó ṣe èyí yóò ròyìn erékùṣù kan tàbí méjì, nígbà tí ẹlòmíràn ń ka mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ó má ṣe tijú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, iṣẹ́ ni ó sì ń dúró de ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nílé. Ẹni tí ara rẹ̀ sinmi ni yóò lè padà dojú kọ ọ́.